Trélà, lọ́rì, píkọ́ọ̀pù tàbí Sienna: èwo ló yẹ kó gbé àgbò Iléyá yín?

Àgbò tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin kúrò ní Kano lè fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ ní Kara Isheri, ọjà ẹran tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá rà á fún Iléyá ti pàdánù, nítorí pé nínú hadiisi tí Bara ọmọ Azib, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, gbà wá, irú ẹran mẹ́rin ni kò tọ́ sí iṣẹ́ náà: èyí tí ojú rẹ̀ kan fọ́ tó hàn gbangba, èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn, èyí tó ń tiro, àti èyí tó rù hangogo. Mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìrìn àjò burúkú lè kó bá àgbò láàárín ọjọ́ méjì péré. Ìwo ẹlòmíì á gún un lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á há sáàárín pákó, ooru àti eruku á sì ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Èyí tó bá kú sójú ọ̀nà ńkọ́? Òkú ẹran ni. Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, kò sì yẹ kí wọ́n tà á fún ẹnikẹ́ni.

Kí ó tó kan àpò olówó, àgbò fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ jẹ ìyà. Ìdí nìyí tí a fi kó àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí síwájú yín kí ẹ lè yẹ̀ wọ́n wò pọ̀. A kò fi owó ọkọ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ohun mẹ́ta la fi wọ̀n wọ́n: afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ilẹ̀ tí ẹran dúró lé, àti bí ọkọ̀ ṣe máa pẹ́ tó lójú kan láìrìn. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò, òun ló sì ń pa ẹran jù.

Ọkọ̀ tó dúró burú ju ọkọ̀ tó ń sáré lọ

Òógùn kì í tó àgbò láti tu ara rẹ̀ lára bó ṣe ń tu tiwa. Èémí ló fi ń lé ooru jáde. Nígbà tí ara bá tù ú, ó máa ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ìhà rẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tó gbé sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ wá fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá ti kọjá 60, ooru ti ń mú un. Bó bá ti kọjá 100, ẹ wá ibòji àti omi kíákíá. Èyí tó bá la ẹnu, tó na ọrùn síwájú, tí ahọ́n rẹ̀ yọ, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ti wọ inú ewu. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ń rìn, atẹ́gùn ń fẹ́ sí ẹran lára. Gbàrà tó bá dúró, ooru ara gbogbo wọn á parapọ̀, ìtọ̀ tó wà nílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n lójú àti nímú, oòrùn á sì máa yan irin ọkọ̀. A sì mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró lójú ọ̀nà wa: ọ̀dọ̀ àwọn agbófinró, àárín Mokwa sí Jẹ́bà níbi tí ọ̀nà ti máa ń bàjẹ́, ibùdó trélà ní Ogere, àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Long Bridge, afárá gígùn tó wà nítòsí Kara. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó lọ́wọ́ awakọ̀, ẹ bi í pé: "Ibo lẹ ó ti dúró, aago mélòó sì ni?" Awakọ̀ tó bá mọṣẹ́ ẹran á dáhùn láìronú. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ fi Ọlọ́run ṣe ìyẹn, ẹ wá ẹlòmíì.

Láti Òkè Ọya: trélà tàbí lọ́rì kékeré

Ẹ̀yìn trélà gùn tó mítà 12, ó sì fẹ̀ tó mítà 2.4. Àgbò kílò 40 nílò nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 0.3 láti dúró. Ibi tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù ga dé nìyẹn fún àgùntàn tí kò tó kílò 55, tí wọ́n ti rẹ́ irun rẹ̀. Àgbò tiwa kò sì ní òwú púpọ̀ lára. Kó lè yé yín, ẹ fojú inú wo ilẹ̀kùn yàrá kan tí wọ́n yọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Àgbò márùn-ún ló lè dúró lé e lórí. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ báyìí, trélà kan kò gbọ́dọ̀ kó ju nǹkan bí àgbò 95 lọ ní àjà kan.

Bí wọ́n bá kó 150 síbẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ rèé. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì lójijì, àgbò kan á yọ̀, á ṣubú. Kó tó dìde, ẹsẹ̀ àwọn yòókù ti gba àyè tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n á dúró lé e lọ́rùn àti níkùn, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò ríbòmíì gbé ẹsẹ̀ sí ni. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lábẹ́ ariwo ẹ́ńjìnnì. Tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n á tó rí i.

Àyè tó pọ̀ jù náà ní wàhálà tirẹ̀. Àgbò 30 nínú trélà gbalasa á máa fò láti ìgun kan dé ìkejì ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yà. Ìdáhùn sí méjèèjì ni pé kí wọ́n fi pákó tàbí irin pín inú ọkọ̀ ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta. Yàrá kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bí àgbò 24. Àwọn tó jọ ń jẹko tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n fi sójú kan, nítorí pé àgbò tí kò mọ ara wọn rí yóò kan ara wọn títí. Nínú àwọn irú àgbò Òkè Ọya, Balami tó ga tó sì funfun, àti Uda tó dúdú tàbí tó pupa níwájú tó wá funfun lẹ́yìn, lágbára ju Yankasa tí dúdú yí ojú rẹ̀ ká lọ. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àgbò yín sábẹ́ ẹsẹ̀ màlúù. Ọ̀rẹ́ màlúù kọ́ ni àgbò nínú ọkọ̀ tó ń mì. Pátákò kan ṣoṣo tó bá tẹ̀ ẹ́ ti tó.

Trélà alájà méjì tún ń fẹ́ ìbéèrè tirẹ̀. Àwọn tó wà lókè ń rí oòrùn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń gba ìtọ̀ àti ìgbẹ́ sórí. Pákó àjà òkè gbọ́dọ̀ dí pa kó má bàa jò, kí a sì da iyẹ̀pẹ̀ àti èèpo ìrẹsì sí i kó lè fa omi. Àyè orí náà ṣe pàtàkì: kí sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán wà láàárín orí àgbò tó dúró ṣánṣán àti àjà tó wà lókè rẹ̀, bí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò bá ṣí dáadáa, kí ó tó 30. Tápólì wúlò fún òjò, àmọ́ òkè nìkan ni kó bò. Ẹni tó bá fi tápólì wé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti sé ẹran mọ́nú ìkòkò.

Lọ́rì kékeré, irú Canter tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ní mítà mẹ́rin sí márùn-ún, tó fẹ̀ ní mítà méjì, á gba nǹkan bí àgbò 27 sí 33. Owó orí àgbò kọ̀ọ̀kan máa ń wọ́n ju ti trélà lọ, ìyẹn kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni kan ló ni ẹrù inú rẹ̀, kì í dúró ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù lójú ọ̀nà, ó sì lè yà sábẹ́ igi nígbàkigbà. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan lè rí gbogbo ẹran nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú trélà, kò rí ju àwọn tó wà lẹ́bàá ògiri lọ.

Tí ẹbí tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò bá lè kó ogún àgbò jọ, lọ́rì kékeré ni ká gbà. Bí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, a kò rí ìdí tí ẹ fi máa ránṣẹ́ ra àgbò méjì ní Kano. Ẹ rà á ní Kara, ní Òkò-Ọba l'Ágége, ní Àkínyẹlé n'Íbàdàn tàbí ní Ìpàta n'Ílọrin, níbi tẹ́ ẹ ti lè fojú rí ipò tó wà lẹ́yìn ìrìn àjò. Ọkọ̀ ojú irin ti kó màlúù láti Kano wá sí Èkó rí láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń wá àgbò mẹ́ta lè gbójú lé.

Ìsinmi wá ńkọ́? Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí àgùntàn rìn fún wákàtí 14, kó sinmi fún wákàtí kan ó kéré tán kó sì mu omi, kó tún rìn fún 14 sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, dandan ni kí wọ́n já a sílẹ̀ fún odindi wákàtí 24. Ní Amẹ́ríkà, wákàtí 28 ni òpin kí wọ́n tó já a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fún àgùntàn ní àfikún àkókò díẹ̀ bó bá bọ́ sí òru. Kano sí Èkó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan. Tí ọ̀nà bá dára, ọkọ̀ ẹran kò ní lò ju ọjọ́ kan àti ààbọ̀ lọ. Tí kò bá dára, ó lè di ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí a dámọ̀ràn ni pé kí wọ́n fún wọn lómi ní Jẹ́bà, kí wọ́n sì já wọn sílẹ̀ ní Ìlọrin fún òru kan, nítorí pé Ìlọrin ti kọjá ìdajì ọ̀nà dáadáa. Garawa mẹ́rin lórí ọkọ̀ kò tó fún àgbò 90. Àwọn alágbára nìkan ló máa mu ún tán. Ọpọ́n gígùn tí wọ́n lè so mọ́ ẹ̀gbẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́.

Àgbò tí kò jẹ tí kò mu fún ọjọ́ kan lè fi ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀. Fún àgbò kílò 40, ìyẹn kílò méjì sí mẹ́rin. Níbẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́, ìtọ̀ àti oúnjẹ inú ló ń lọ. Lẹ́yìn náà, omi ara gan-an ló ń gbẹ. Alágbò tó ń sọ pé omi á dọ̀tí ọkọ̀ òun ń da owó ara rẹ̀ sígbó.

Ẹ má gbàgbé ìwé. Òfin ìdènà àrùn ẹran ní kí ẹran tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ̀ sí òmíràn ní ìwé àṣẹ ìrìn láti ọ̀dọ̀ dọ́kítà ẹran. Ọkọ̀ tí kò níwèé á dúró ní ibùdó àyẹ̀wò fún wákàtí púpọ̀ nínú oòrùn. Àwọn àgbò ló sì máa san owó ìtanràn yẹn kí ó tó kan awakọ̀.

Láti Kara dé ilé

Ibí ni ìyà ti pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kò jìn. Àgbò tó la ẹgbẹ̀rún kìlómítà já ń kú sínú búùtù láàárín Berger sí Ìkòròdú.

| Ohun ìrìnnà | Àyè ilẹ̀ | Àgbò kílò 40 tí a fọwọ́ sí | Ibi tí wàhálà ti ń wá |
|---|---|---|---|
| Píkọ́ọ̀pù | gígùn mítà 1.5, fífẹ̀ mítà 1.5 | 5 | fífò jáde, oòrùn |
| Sienna tí a yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ | gígùn bíi mítà 2, fífẹ̀ mítà 1.2 | 4 | ilẹ̀ tó ń yọ̀, ooru bó bá dúró |
| Márúwá | ibi ẹsẹ̀ èrò | 1 | kò ju kìlómítà 5 lọ |
| Búùtù | – | 0 | kò sí afẹ́fẹ́ |
| Ọ̀kadà | – | 0 | sálẹ́ńsà, ìdè ẹsẹ̀ |
| Ẹsẹ̀ | – | 1 fún ẹni kan | mọ́tò, ọ̀dà tó gbóná |

Bí ẹ bá ṣírò àyè ilẹ̀, píkọ́ọ̀pù lè gba méje. A fi í sí márùn-ún nítorí ìwo. Ìwo àgbò tó dàgbà ká síta, ó sì ń gba àyè bí ẹni pé àgbò mìíràn ló wà níbẹ̀. Nínú Sienna, mẹ́rin ni, nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n.

Píkọ́ọ̀pù la fẹ́ràn jù. Afẹ́fẹ́ kò lè tán nínú rẹ̀, awakọ̀ ń rí ẹran nínú díńgí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọrùn láti fọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré. Àgbò tó bá bẹ̀rù á gbé ẹsẹ̀ iwájú lé ẹ̀gbẹ́, á fò. Bí wọ́n bá ti fi okùn gígùn so ó mọ́ ọrùn, yóò pokùn so sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré. Ẹ ṣe irin tàbí pákó tó ga tó mítà 1.2 yí i ká. Bí ẹ bá máa so ó, kókó okùn tí kì í fún ni kí ẹ ta, kí okùn náà gùn níwọ̀nba tó fi lè dùbúlẹ̀ kó sì gbé orí sókè, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kò fi ní lè ré kọjá ẹ̀gbẹ́. Ẹ má so okùn mọ́ ìwo. Ìwo ọ̀dọ́ àgbò lè ṣí kúrò níbi tó ti hù, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà lójú rẹ̀.

Sienna ní ibòji, ó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù, ìyẹn ló mú kí àwọn kan máa rò pé òun ló dára jù. Òótọ́ ni bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ronú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Long Bridge lọ́jọ́ tó ku ọ̀la Iléyá. Awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì kí epo má bàa tán, gíláàsì á wà ní títì, àgbò mẹ́rin á sì máa mí sínú yàrá tí kò tóbi. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti di ààrò. Ẹni tó bá yan Sienna gbọ́dọ̀ ṣí fèrèsé sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kó tẹ́ rọ́bà sílẹ̀, kó da iyẹ̀pẹ̀ tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó sórí rẹ̀, kó sì fi irin tàbí nẹ́ẹ̀tì tó le pín àárín ẹran àti awakọ̀. Àgbò kílò 50 tó bá fò wá síwájú lè gbá awakọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ búùtù ń dùn wá gan-an. Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀dọ́ ọkùnrin méjì á ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àgbò pọ̀, wọ́n á fi okùn dè é, wọ́n á gbé e sọnù sórí táyà àpamọ́, wọ́n á fọwọ́ tẹ orí rẹ̀ wọlé kí ìwo má bàa kọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á sì pa á dé. Nínú òkùnkùn yẹn, ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ kò yẹ ní irú ìdùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú àpò oúnjẹ ńlá rẹ̀, oúnjẹ ń wú bí ọtí tó ń ṣe, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa gbà ọ̀nà ọ̀fun jáde. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn lélẹ̀, omi inú á dí ẹnu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ kò ní lè jáde, ikùn á wú, á ti ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀, ẹran kò sì ní lè mí. Fi ooru kún un, fi èéfín sálẹ́ńsà tó ń jò wọlé kún un. Kódà tí ẹ bá fi igi gbé ìdérí búùtù sókè díẹ̀, èéfín ló máa ń fà wọlé jù. Àgbò mélòó kan ń yè é, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn jáwọ́.

Òfin náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún gúúsù Nàìjíríà ka gbígbé ẹran lọ́nà tó ń fìyà jẹ ẹ́ láìnídìí sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Owó ìtanràn tó wà níbẹ̀, náírà 50, ti di ohun tí kò ra pọ́fù-pọ́fù kan mọ́, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin tún un wò.

Ọ̀kadà burú lọ́nà tirẹ̀. Wọ́n á tẹ́ àgbò lé tánkì epo, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sálẹ́ńsà tó gbóná, awọ á sì jó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìdè ẹsẹ̀ ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ó sì ń tẹ iṣan. Bí wọ́n bá tú u nílé, àgbò á dìde, á ṣubú. Àwọn kan á ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹsẹ̀ tó ti kú ni. Bó bá ń tiro títí dọjọ́ Iléyá, a ti mọ ìdájọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa lórí dídè ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, nínú ọkọ̀ yòówù kó jẹ́: ẹ má ṣe é rárá. Ọkọ̀ tí kò bá lè gba àgbò ní ìdúró, kò lè gba àgbò.

Márúwá lè ṣiṣẹ́ fún àgbò kan ṣoṣo bí ọ̀nà bá kúrú. Kí àgbò dúró síbi tí èrò ń fẹsẹ̀ sí, kí ẹni tó mọwọ́ ẹran jókòó lẹ́yìn rẹ̀, kó fi orúnkún méjèèjì gbà á, kó fi ọwọ́ kan di abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Bí ọ̀nà bá wá kúrú ju kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹsẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ kan. Àgbò mọ ìrìn. Ẹ rìn ín nírọ̀lẹ́ tí ọ̀dà ti tutù, kí ẹ̀yin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mọ́tò ń gbà, kí àgbò wà lápá ibi koríko. Àgbò méjì tó mọra wọn tún rọrùn dà ju ẹyọ kan lọ.

Gbígbé e sókè

Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ́, ẹnu ọkọ̀ ló ti ń ṣẹ́. Ẹ má gbé àgbò ní ìwo, ní etí, ní awọ ẹ̀yìn tàbí ní ẹsẹ̀ kan. Ẹni kan á fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àyà rẹ̀, ẹnì kejì á fi tirẹ̀ sábẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á gbé e pọ̀. Pákó tí àgbò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn wọ ọkọ̀ sàn ju gbígbé lọ. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 80 ń fẹ́ pákó tó gùn tó mítà méjì. Bí ó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, gíga rẹ̀ á pọ̀ jù fún ẹsẹ̀ àgbò. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25 síra wọn kí pátákò lè ríbi dì mú. Ẹ fọwọ́ pa inú ọkọ̀ yíká kí ẹ tó kó wọn wọlé, kí ẹ wá ìṣó tó yọrí àti páànù tó ya. Ibi tó bá ya ọwọ́ yín á ya ojú àgbò.

Òwúrọ̀ tàbí ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú tàbí ọjọ́ tó ku ọ̀la

Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 11 súnwá lọ́dọọdún. Ti 2024 bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ti 2025 bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Àsìkò tí òjò ti dé tí ooru kò tíì lọ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí èémí àgbò lé ooru jáde dáadáa, nítorí náà ọ̀sán gangan léwu ju bí awọ ara tiwa ṣe lè sọ fún wa lọ. Kí ọkọ̀ tó ń gbé àgbò láti ọjà lọ sílé gbéra láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìdájí, kó ti délé kí aago mẹ́wàá tó lù. Ìrìn òru tutù, àmọ́ ẹ wo ààbò ọ̀nà kí ẹ tó yàn án.

Ẹni tó bá ra àgbò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú á náwó oúnjẹ, kò sí àní-àní. Ẹran rẹ̀ á ní àyè láti gba ara padà, ọgbẹ́ tó farasin á hàn kó tó pẹ́ jù, ọ̀nà kò sì ní dí. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tó ku ọ̀la á bá ẹran tí ìrìn àjò ti dá lágara, á tún gbé e wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí àyè bá wà nílé, àkọ́kọ́ ni kí ẹ yàn.

Bó bá délé

Ìfẹ́ àwọn ará ilé ló ń pa àgbò mìíràn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ebi ń pa á, ìyá àgbà bu èèrí fún un, àwọn ọmọ kó èèpo iṣu, ẹnì kan gbé ìrẹsì àná wá. Àpò oúnjẹ rẹ̀ tó ti ṣófo fún ọjọ́ méjì kò lè gba irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Á kan bí ọtí kíkan, kíkan náà á wọ ẹ̀jẹ̀, àgbò á sì wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Omi ni kó kọ́kọ́ rí, díẹ̀díẹ̀: nǹkan bí lítà kan, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún fún un. Lẹ́yìn wákàtí kan, ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, tàbí koríko. Ọjọ́ kejì ni kó tó rí èèrí tàbí èèpo iṣu, kí ó sì jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ méjì péré. Ṣáájú ìrìn àjò pàápàá, ẹ ti dá oúnjẹ oníhóró dúró ní wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, ṣùgbọ́n ẹ má dá omi dúró títí dìgbà tó máa wọ ọkọ̀.

Bí ẹ bá ní ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tiyín nílé, ẹ má dá àlejò pọ̀ mọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ìrìn àjò ń dín agbára ara kù, ìgbà yẹn sì ni kata, àrùn PPR tí àwọn dọ́kítà ẹran ń sọ, máa ń yọjú: ikun imú àti ojú, egbò ẹnu, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ikọ́. Ó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó hàn, ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa sì ni kì í rí i gbé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹyọ kan ń dáàbò bò wọ́n fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, àmọ́ ó ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mú ara le. Ẹran ilé ni kí ẹ gún kí àlejò tó dé.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó dé, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn wákàtí méjì nínú ibòji, èémí rẹ̀ yẹ kó ti wálẹ̀ kúrò ní 60. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ da omi tútù sí ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ tàbí fáànù. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Àgbò tó dùbúlẹ̀ lórí àyà rẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ ti bọ́. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kò mì títí oòrùn fi yọ, tó dúró sígun ògiri tó gbé etí sílẹ̀, ẹ pe dọ́kítà ẹran kí ẹ tó jẹun àárọ̀.